Ìwọ̀n Ẹ̀ẹ̀kan Kò Tó

Igi ìṣáná ni olùbẹ̀wò kọ́kọ́ kó sórí tábìlì. Ó fi díẹ̀ nínú wọn to àrà kan síwájú màmá tó jókòó, ó kó ìyókù lé wọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun to irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí màmá ti ń tò ó, ohun mẹ́ta ni ojú olùbẹ̀wò ń wá: ṣé àrà náà jọ ti àkọ́kọ́, ṣé ibi tó kọjú sí náà ni tiwọn kọjú sí, ṣé orí ìṣáná kọ̀ọ̀kan sì wà ní apá ibi tó yẹ kó wà. Bí wọ́n bá ṣe èyí tán, ó tún di òmíràn, títí àrà mẹ́rin yóò fi pé. Kò sí bírò, kò sí ìwé, kò sí ohun tó jọ ìdánwò ilé ìwé níbẹ̀.

Ìbàdàn ni irú àyẹ̀wò yìí ti jáde. Olúṣẹ́gun Baiyewu, Frederick Unverzagt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2005. Àyẹ̀wò tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá láti Amẹ́ríkà, ń ní kí àgbà mú pẹ́ńsù kí wọ́n fi ya òbìrí, dáyámọ́ǹdì àti àpótí. Àgbà tí kò di pẹ́ńsù mú rí láti kékeré, ojú yóò tì wọ́n, ọwọ́ wọn yóò máa gbọ̀n, òmíràn yóò sì ní kí wọ́n gbé e lọ, òun kì í ṣe ọmọ ilé ìwé. Máàkì òdo tí irú àgbà bẹ́ẹ̀ bá gbà kò sọ nǹkan kan nípa ọpọlọ wọn. Ilé ìwé tí wọn kò lọ ló ń sọ. Ìṣáná ní tirẹ̀ kò ṣàjèjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti dáná rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìjànìkín gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn arúgbó tó ń gbé lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì lónìí, láti Volks dé Ìyànà-Ìbà, dé Òkokomáíkò, títí kan Ìjànìkín, kì í ṣe irú kan náà. Àwọn Àwórì onílẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n dàgbà sídìí ọ̀sà àti oko. Àwọn tó bá ilé iṣẹ́ Volkswagen ṣiṣẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1975 wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe ibùdókọ̀ Volks títí dòní. Àwọn olùkọ́ wà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà, èyí tó di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022. Àwọn ológun àtijọ́ wà láti bárékè Ọ̀jọ́, àwọn ìyá ẹlẹ́ja wà, àwọn tó ti tajà ní Alába títí orúnkún wọn fi kọ̀ wà pẹ̀lú. Bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra wọn tó yìí, ohun kan náà ni àwọn ọmọ wọn ń bi òṣìṣẹ́ ìlera léèrè: ṣé ọjọ́ orí lásán ló ń ṣe màmá báyìí, àbí ó ti fẹ́ di ìṣarán? Ìrìn bàbá tó ń fà yìí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dúró, àbí ó ń le sí i?

Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn, bó ti wù kó dára tó. Ẹ wo àyẹ̀wò tí Marshal Folstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1975, tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 30, tí wọ́n sì ń lò káàkiri ayé. Ìyá kan tí kò kàwé lè gba 18, kó sì jẹ́ pé bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò lógún ọdún sẹ́yìn, 18 náà ni yóò gbà. Ó ń ṣírò owó ọjà rẹ̀ láìṣìnà, ó mọ oríkì ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì lè gba 26, kí gbogbo ilé sì máa yọ̀, nígbà tó jẹ́ pé 30 ni ìbá gbà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tí nǹkan ń ṣe nínú àwọn méjèèjì ni ẹni tí máàkì rẹ̀ ga. Ìyẹn kò lè hàn sí ẹni tó rí wọn lẹ́ẹ̀kan péré. Ara àgbà lánàá ni òṣùwọ̀n tó yẹ fún ara àgbà lónìí. Fífi ẹnìkan wé ẹlòmíràn jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, ó sì ní ààyè tirẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá ti kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí rí, lórí ọmọdé. Ní òpin àwọn ọdún 1950, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ David Morley ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ ló ti ṣe káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù. Ohun tí Morley ní kí wọ́n máa wò ni ibi tí ìlà náà ń kọjú sí: ọmọ kékeré tí ìlà rẹ̀ ń gòkè kò léwu, ọmọ sísanra tí ìlà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ ni kí wọ́n sáré sí. Ó sì fi káàdì náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọmọ, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Láti abúlé yẹn ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ilẹ̀ púpọ̀ lágbàáyé. Kò sí ìyá ọlọ́mọ kékeré kan ní Ìjànìkín tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí ìyá ọmọ yẹn, tí òun náà jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, kò sí ìlà kankan tí ẹnikẹ́ni ń fà fún un.

Iṣẹ́ ńlá kan lórí ìṣarán láàárín Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1992. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, àgbà oníṣègùn iṣan àti ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, dara pọ̀ mọ́ Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana. Wọ́n yan àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n yan àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé. Àwọn 2,494 tó ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, 2,212 ní Indianapolis. Nígbà tí èsì àkọ́kọ́ jáde ní 1995, ọdún tí Ọ̀ṣúntókun fúnra rẹ̀ papò dà, ó ya ayé lẹ́nu: nínú 100 àgbà Ìbàdàn, 2.29 ló ní ìṣarán. Nínú 100 tó ń gbé nílé wọn ní Indianapolis, 4.82 ni.

Kíá ni àríyànjiyàn dé, ó sì yẹ kó dé. Kíkà ẹ̀ẹ̀kan ni èyí jẹ́. Ó lè jẹ́ pé ìṣarán ń mú àwọn àgbà Ìdíkàn gan-an bó ṣe ń mú àwọn ará Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n tí ikú ń tètè pa àwọn tó bá mú ní Ìbàdàn, tí wọn kò sì sí nílé mọ́ nígbà tí àwọn olùwádìí dé. Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ìbá di àríyànjiyàn títí láé. Wọ́n padà lọ. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń padà sọ́dọ̀ àwọn tí iyè wọn ṣì jí pépé nígbà àkọ́kọ́, láti wo ta ni nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Ní 2001 ni èsì yẹn jáde: lọ́dún kan, nínú 1,000 àgbà Ìbàdàn, bíi 13 sí 14 ni ìṣarán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn, ní Indianapolis, bíi 32. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti ikú nìkan. Pípadà lọ wò wọ́n ló fi èyí hàn.

Irinṣẹ́ tí wọ́n lò náà ní ìtàn. Hendrie, Kathleen Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti kọ́kọ́ ṣe é fún àwọn Cree, ọmọ onílẹ̀ ní Manitoba ní Kánádà, àwọn náà tí ìdánwò ilé ìwé kò bá mu. Nígbà tó dé Ìbàdàn, wọn kò kàn túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kí wọ́n sì máa lọ; wọ́n yí i padà kó bá ìgbé ayé àwọn tí wọ́n fẹ́ bi léèrè mu. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ti àgbà fúnra wọn: kí wọ́n dárúkọ nǹkan tí wọ́n bá fi hàn wọ́n, kí wọ́n ka orúkọ ẹranko tí wọ́n bá lè rántí láàárín ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tún ìtàn kúkúrú kan sọ. Apá kejì kò kan àgbà rárá. Ẹni tó ń bá wọn gbé ni wọ́n ń bi.

Apá kejì yìí ni òṣìṣẹ́ tuntun máa ń sáré kọjá, òun sì ni èyí tó ń sọ òótọ́ jù ní ilé Yorùbá. Láàárín wa, àgbà tó bá ti bímọ yanjú kì í gbé omi, kì í dáná, kì í lọ sọ́jà. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá síwájú wọn, wọ́n ń fọ aṣọ wọn, ọmọ kan ń bá wọn gba owó ìfẹ̀yìntì. Ní ìlú òyìnbó, ìgbà tí àgbà tó ń dá gbé kò bá lè san owó iná mọ́ ni àṣírí máa ń tú. Ní Ìjànìkín, ìṣarán lè wà nílé fún ọdún mélòó kan lábẹ́ ìtọ́jú àti ọ̀wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fura, nítorí kò sí iṣẹ́ tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ àgbà tí àgbà kùnà láti ṣe. Nítorí náà, ìbéèrè ni ó gbọ́dọ̀ yí padà. Kí wọ́n má béèrè bóyá màmá ṣì ń se ọbẹ̀. Kí wọ́n béèrè bóyá wọ́n ṣì mọ iye ṣéńjì tó yẹ kí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n rán ọmọ lọ ra ẹ̀kọ. Ṣé wọ́n ti pe àlejò kan ní orúkọ ẹni tó ti kú? Ṣé ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti àsàlátù ti fò wọ́n rí? Ṣé wọ́n ṣì mọ ojú ọ̀nà láti ilé dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀?

Ó sì ní ẹni tó yẹ kí wọ́n bi. Ọmọkùnrin tó ń ti Lẹ́kkí wá lọ́jọ́ Àìkú yóò ní kò sí nǹkan kan, màmá gbádùn, wọ́n tilẹ̀ ṣàdúrà fún òun dáadáa. Àdúrà wà lára ohun tó máa ń gbẹ̀yìn nínú ohun tí àgbà ń gbàgbé. Ìyàwó ilé tó ń sùn ní yàrá kejì ló mọ̀ pé màmá ti ń dìde lóru láti lọ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò kàn án. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó ilé ni wọ́n bi lọ́dún yìí, òun náà ni kí wọ́n bi lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ẹni tó ń dáhùn bá yí padà, èsì lè yí padà láìjẹ́ pé nǹkan kan yí padà lára màmá.

Lẹ́yìn náà, ọjọ́ orí fúnra rẹ̀. Ewu ìṣarán ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọdún márùn-ún márùn-ún lẹ́yìn ọmọ ọdún 65, nítorí náà ẹni tí kò mọ̀ bóyá 70 ni bàbá tàbí 82 kò lè túmọ̀ èsì tó gbà. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa kò ní ìwé ìbí. Láti fi mọ ọjọ́ orí irú wọn, Adéṣọlá Ògúnníyì àti Ọ̀ṣúntókun lo àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn tí Àjàyí àti Ìgún ti ṣe ní 1963, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ ní 1993. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní agbègbè Ọ̀jọ́ lónìí kò ní jìnnà kó tó rí tirẹ̀. Ọmọ mélòó ni màmá ti bí nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972? Ṣé wọ́n ti ń tajà nígbà tí náírà gba ipò pọ́n-ún àti ṣílè ní 1973? Ṣé àkọ́bí ti ń lọ sílé ìwé nígbà FESTAC ní 1977? Láàárín ìbéèrè mẹ́rin sí márùn-ún, ọdún ìbí yóò ti wà nítòsí.

Nǹkan mìíràn wà tí àwọn olùwádìí Ìbàdàn rí, tó yẹ kí gbogbo ẹbí tí ẹ̀rù ń bà mọ̀. Láàárín ẹni tí iyè rẹ̀ jí pépé àti ẹni tó ti ń ṣarán, àwọn kan wà tí iyè wọn ń dínkù díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń gbọ́ bùkátà ara wọn. Baiyewu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ irú wọn lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ ní 2002. Àwọn kan ti wọ inú ìṣarán. Èyí tó pọ̀ jù ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan nínú wọn ti padà sí déédéé! Àwọn wọ̀nyí ni wọn ìbá ti kọ orúkọ àrùn lé lórí bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n rí wọn.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ kò ní ṣàìmọ ohun tó ń fa irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibà lè wà lára àgbà lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Oògùn oorun tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì lè má tíì dá lójú wọn. Ọ̀fọ̀ lè ṣẹ̀ wọ́n: ìyá tó sin ọkọ ní oṣù méjì sẹ́yìn kò ní rántí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí àlejò kan kà fún un. Etí lè di, kó jẹ́ pé ìbéèrè gan-an ni wọn kò gbọ́. Ojú tó ti ń ríran bàìbàì kò lè rí orí ìṣáná. Ebi lè máa pa wọ́n nítorí wọ́n ní kí wọ́n má jẹun kí wọ́n tó wá. Ní ti àwọn ará Ìjànìkín, ẹ fi ọ̀nà kún un. Àgbà tó jí ní ìdájí, tó jókòó sínú dáńfó láti Ìjànìkín títí dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ìkẹjà tàbí Ìdí-Àràbà, tó sì tún tò fún káàdì, kì í ṣe ẹni tó jí nílé rẹ̀ láàárọ̀ yẹn mọ́ nígbà tí dókítà bá béèrè pé ọjọ́ wo la wà. Ilé àgbà ló yẹ kí wọ́n ti yẹ àgbà wò, ní òwúrọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ.

Ara náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Linda Fried àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi àmì márùn-ún lélẹ̀ ní 2001: kí èèyàn rù láìgbìyànjú rẹ̀, tó bíi kílò mẹ́rin ààbọ̀ láàárín ọdún kan; kí ó máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá; kí ọwọ́ rẹ̀ má lè di nǹkan mú gírígírí; kí ìrìn rẹ̀ fà; kí ó má fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bá ní mẹ́ta nínú wọn, ara rẹ̀ ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ẹni tó ní ọ̀kan tàbí méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní 2005, Kenneth Rockwood ní Kánádà ṣe tirẹ̀ ní ìpele méje, èyí tí òṣìṣẹ́ ìlera lè fi ojú àti ìbéèrè ṣe, láìsí ẹ̀rọ kankan.

Èyí tó rọrùn jù fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ni ti Podsiadlo àti Richardson, tó jáde ní 1991. Àga kan, mítà mẹ́ta tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilẹ̀, àti aago. Bàbá jókòó, wọ́n ní ó yá, bàbá dìde, wọ́n rìn dé ibi àmì, wọ́n yí padà, wọ́n wá jókòó, aago dúró. Gbogbo ènìyàn ló máa ń wo bí wọ́n ṣe ń dìde. Ìgbà tí wọ́n ń yí padà ni kí wọ́n wò. Ẹni tí ara rẹ̀ ṣì dá yóò fi ẹsẹ̀ méjì sí mẹ́ta yí. Ẹni tí nǹkan ti ń yọ́ ṣe lára rẹ̀ yóò máa gbé ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́, bí ìṣísẹ̀ mẹ́fà, méje, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa wá ògiri.

Ìwọ̀n tó rọrùn báyìí náà rọrùn láti bàjẹ́. Bó bá jẹ́ àga oníke tí kò ní apá ni wọ́n lò lọ́dún yìí, tí wọ́n wá lo àga ìrọ̀gbọ̀kú lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìṣẹ́jú àáyá tó yàtọ̀ lè jẹ́ ti àga. Màmá tó ró ìró rẹ̀ le dan-in-dan-in láti lọ kí àlejò kò ní gbé ẹsẹ̀ bí ìgbà tó wọ bùbá àti yẹ̀rì inú ilé. Sálúbàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ ń fa ìrìn. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: irú àga wo, bàtà wo, ọ̀pá wà lọ́wọ́ àbí kò sí, àárọ̀ ni àbí ìrọ̀lẹ́. Ó lè dà bí àṣejù, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ọdún kan ń mú wá lára àgbà kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ nígbà mìíràn.

Òṣùwọ̀n kílò pàápàá kì í ṣe ti ara nìkan. Ní 2011, Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ohun tí wọ́n rí láàárín ọdún mẹ́wàá jáde: láàárín àwọn àgbà Ìbàdàn tí wọ́n ń wọ̀n, rírù wà lára ohun tó ń bá ìṣarán rìn. Ní ọdún kan náà ni wọ́n fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń dá kún ewu rẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú méjèèjì tó gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ohun tó gbà ni kí ẹnìkan máa padà wá kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Iṣẹ́ Ìdíkàn kò dé Ìjànìkín, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje gbé àwọ̀n tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín 2003 sí 2004: àgbà 2,149 láti ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Èkó wà nínú wọn, ó sì tún padà sọ́dọ̀ wọn ní 2007, 2008 àti 2009. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá wà lára ohun tí wọ́n fi ń yẹ iyè wò: wọ́n kà á fún àgbà, wọ́n sọ nǹkan mìíràn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá béèrè èwo ni wọ́n rántí. Ìdẹkùn kan wà nínú gbogbo irú èyí. Àgbà ń kọ́ ìdánwò. Ẹni tí wọ́n bá ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá kan náà fún lọ́dọọdún lè máa rántí wọn sí i nígbà tí iyè rẹ̀ ń dínkù, kí àwọn ọmọ sì rò pé ara ń yá. Ìdẹkùn kejì tún burú ju ìyẹn lọ: àwọn tó bá ti rẹ̀ jù ni kì í sí nílé nígbà ìbẹ̀wò kejì. Ọmọ ti gbé wọn lọ sí Àbújá, tàbí wọ́n wà ní ilé ìwòsàn, tàbí wọ́n ti kú. Bí wọn kò bá béèrè wọn, àwọn tó kù yóò mú kí gbogbo àdúgbò dà bí ẹni tó ń gbádùn.

Ohun kan tún wà tí òṣùwọ̀n 1992 kò lè ṣe fún Ìjànìkín lónìí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 65 ní Ìdíkàn nígbà náà, 1927 ni wọ́n bí i, tàbí ṣáájú. Ìwé kò kan púpọ̀ nínú wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní 1955 ni ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, agbègbè Àgbádárìgì, tí Ọ̀jọ́ àti Ìjànìkín wà lábẹ́ rẹ̀, sì wà nínú Ìwọ̀-Oòrùn títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní lọ́jọ́ náà ti lé ní 75 báyìí. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti di àgbà. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá fi máàkì tó tó fún ìyá Ìdíkàn wọn olùkọ́ kan tó fẹ̀yìn tì ní Ìjànìkín, yóò ní ara olùkọ́ náà le títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ní 2016, àwọn oníṣẹ́ Ìbàdàn àti Indianapolis fi àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lẹ́yìn ní 1992 wé àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lẹ́yìn ní 2001. Ní Indianapolis, iye àwọn tí ìṣarán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ti dínkù gan-an. Ní Ìbàdàn, kò dínkù.

Ohun tó yẹ kí Ìjànìkín ní kò ju káàdì bíi ti Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, tí yóò wà nílé lọ́wọ́ ẹbí. Lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò yóò kọ ìwọ̀n kílò sí i, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá tí ìrìn mítà mẹ́ta gbà, àrà ìṣáná, ọ̀rọ̀ tí wọ́n rántí, àti gbólóhùn méjì láti ẹnu ẹni tó ń bá àgbà gbé. Kò di dandan kó jẹ́ dókítà ni yóò ṣe é. Àyẹ̀wò kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní IDEA, tí ìṣáná wà nínú rẹ̀, tí kò sì béèrè kíkọ tàbí kíkà, ni wọ́n ti dán wò ní Tàǹsáníà àti ní Lálúpọn lẹ́bàá Ìbàdàn. Nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe onímọ̀ pàtàkì ni wọ́n ṣe ṣe é. Níbi tí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì bá ti ń tò fún àyẹ̀wò láti fi hàn pé wọ́n ṣì wà láàyè, wọ́n lè ṣe é níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti jókòó tán, ìrìn mítà mẹ́ta kò ní gba ìṣẹ́jú kan.

Bí ìlà náà bá wálẹ̀, iṣẹ́ wà láti ṣe. Wọn yóò yẹ etí àti ojú wò, wọn yóò ka oògùn inú àpò kọ̀ọ̀kan, wọn yóò wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti oúnjẹ. Bó bá sì jẹ́ ìṣarán lóòótọ́, ẹbí yóò mọ̀ nígbà tí àgbà ṣì lè sọ ohun tí wọ́n fẹ́: ta ni yóò máa mú owó wọn, ta ni yóò máa sùn tì wọ́n, ta ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ gáàsì.

Ní ilẹ̀ Àwórì, ìwé ilẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ilẹ̀ ń tà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ìka àgbà ni wọ́n sì ń tẹ̀ mọ́ ìwé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọmọ kan yóò ní bàbá kò mọ ohun tí wọ́n tẹ̀ mọ́, òmíràn yóò ní iyè wọn pé ṣáṣá lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì á sì lọ gba lọ́yà. Káàdì kò lè dá ẹjọ́ yẹn. Ìyẹn wà lọ́wọ́ dókítà tó yẹ àti adájọ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ àti èsì bá ti wà lórí rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ka, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ó kéré tán, ohun kan yóò wà níwájú kóòtù tó ju ohun tí àwọn ọmọ tó ń jà ń rántí lọ.